Fúráìdì Ráìsì Kọ́ Ni Oúnjẹ Àwọn Ará Guangdong

Èrò kan wà tó ti ta gbòǹgbò láàárín àwa ará Okokomaiko, láti Alaba títí dé Ìbà, pé a mọ oúnjẹ Ṣáínà. Ọ̀nà méjì ni èrò náà ń gbà jáde lẹ́nu wa. Àkọ́kọ́ ni pé ìrẹsì aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì, gíríǹpísì àti ẹ̀dọ̀ sí, èyí tí à ń jẹ lóde ìgbéyàwó àti ní ṣọ́ọ̀bù olóúnjẹ tó wà lẹ́nu géètì LASU, ọwọ́ àwọn Ṣáínà la ti gbà á. Èkejì, lẹ́nu àwọn oníṣòwò tó ń lọ ra ọjà ní Guangzhou la ti máa ń gbọ́ ọ: pé àwọn Ṣáínà kò mọ oúnjẹ sè, pé wọn kì í fi ata sí i, pé ẹ̀jẹ̀ máa ń wà létí egungun adìẹ wọn, pé ẹja wọn kò yàtọ̀ sí èyí tí a kàn bọ̀ lómi. Ẹnu kan náà ló sì sábà máa ń sọ méjèèjì, láìronú pé ẹni tí kò mọ oúnjẹ sè kò lè jẹ́ ẹni tó kọ́ wa ní oúnjẹ tí a fẹ́ràn jù lóde àríyá.

Àṣìṣe ni méjèèjì. Ohun tó bí wọn ni pé apá kan ṣoṣo lára Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń bá pàdé, ìyẹn ìpínlẹ̀ Guangdong tó wà létí òkun níhà gúúsù, òun la sì ń fi orúkọ gbogbo orílẹ̀-èdè náà pè. Nígbà tí a tún pàdé rẹ̀, a kò béèrè òfin tí wọ́n fi ń se oúnjẹ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2020, iye èèyàn tó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 126, kò sì sí ìpínlẹ̀ mìíràn lórí ilẹ̀ Ṣáínà tí etíkun rẹ̀ gùn tó tirẹ̀.

Àdúgbò wa ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Ọjà Alaba International tí tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti wáyà iná ti ń wọlé, ilẹ̀ Ọ̀jọ́ ló wà. Ọgbà Trade Fair, tí wọ́n kọ́ fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé ọdún 1977, ti di ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò àti ọjà wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń tà níbẹ̀, ní Guangzhou, Shenzhen, Foshan tàbí Dongguan ni wọ́n ti ṣe é, inú ìpínlẹ̀ Guangdong kan náà sì ni ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ ọjà tí àwọn oníṣòwò wa ń pè ní Canton Fair ní Guangzhou, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Àdúgbò Xiaobei àti Sanyuanli ní ìlú náà kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Nàìjíríà, ìjọba wa sì ní ọ́fíìsì kọ́ńsúlétì níbẹ̀. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilé nìkan kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kò yẹ kó padà wá dájọ́ oúnjẹ tí kò tọ́ wò.

Inú páànù ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ obìnrin tó ń se fúráìdì ráìsì fún títà ládùúgbò wa. Ó ti bọ ẹran àti adìẹ, ó sì ti fi kọ́rì, táìmù, àlùbọ́sà àti Maggi sí omi rẹ̀. Omi ẹran yìí ló fi se ìrẹsì, títí tí ìrẹsì náà fi mu ún tán, tí ó sì pọ́n díẹ̀. Ó gé kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀dọ̀ wẹ́wẹ́, ó da òróró sínú páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó wá ń bu ìrẹsì náà dín díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ títí ó fi parí. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ta ló ni àwọn èròjà rẹ̀? Kọ́rì inú agolo, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ló pò ó pọ̀ fún àwọn tó ti gbé ní Íńdíà tí wọn kò fẹ́ gbàgbé adùn ibẹ̀. Táìmù, ewé ilẹ̀ Yúróòpù níhà òkun Mẹditaréníà ni. Maggi, orúkọ Julius Maggi ni, ará Switzerland. Bí a ṣe ń fi omi ẹran se ìrẹsì kí a tó dín in, ọgbọ́n tiwa ni, ó sì jọ bí a ṣe ń se jọ̀lọ́ọ̀fù ju bí ará Guangdong ṣe ń dín ìrẹsì lọ.

Ìrẹsì funfun tó ṣẹ́kù láti àná, tó ti tutù, tí ẹyọ rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ra, ni ará Guangdong fi ń ṣe tirẹ̀. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára gan-an. Páànù oníkòtò ni wọ́n ń lò, wọn á jẹ́ kó gbóná títí yóò fi rú èéfín, wọn á fọ́ ẹyin sí i, wọn á da ìrẹsì lé e, wọn á máa jù ú sókè sódò, àlùbọ́sà eléwé ló sì ń kẹ́yìn. Kò ju ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Òórùn iná tó máa ń wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọlọ́wọ́ dídùn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ ìlú Yangzhou, tó wà ní ìpínlẹ̀ Jiangsu, tó jìnnà sí Guangdong. Ní ọdún 2015, àwọn aláṣẹ ìlú Yangzhou tiẹ̀ gbé ìlànà jáde nípa ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìrẹsì wọn: ẹyin, edé, ẹran adìẹ, olú, ọ̀mùnú ọparun, gíríǹpísì àti àwọn nǹkan mìíràn látinú òkun. Kọ́rì kò sí níbẹ̀, ẹ̀dọ̀ kò sí níbẹ̀.

Báwo wá ni orúkọ Ṣáínà ṣe lẹ̀ mọ́ ìrẹsì dídín káàkiri ayé? Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e. Láti ọdún 1757 títí di 1842, èbúté Guangzhou nìkan ni ọba Ṣáínà gbà kí àwọn oníṣòwò Yúróòpù tó ń gba orí òkun wá ti máa rà kí wọ́n sì máa tà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Hong Kong ní 1842, ẹ̀gbẹ́ Guangdong náà ni Hong Kong wà. Nígbà tí ìròyìn wúrà California tàn kálẹ̀ ní 1849, àwọn ọmọ Guangdong, pàápàá láti agbègbè Taishan, ló wọkọ̀ lọ jù. Àwọn kan náà ló pọ̀ jù nínú àwọn Ṣáínà tó la ojú irin gba orí òkè ńlá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, èyí tó parí ní 1869. Ní 1882, Amẹ́ríkà ṣòfin láti dènà àwọn òṣìṣẹ́ Ṣáínà. Iṣẹ́ tó kù fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti wà níbẹ̀ ni kí wọ́n máa fọṣọ fún ènìyàn tàbí kí wọ́n ṣí ilé oúnjẹ. Wọ́n se ohun tí aláwọ̀ funfun lè jẹ: ìrẹsì dídín, ẹran tí wọ́n fi ṣúgà sí, ẹ̀fọ́ tí wọ́n rò pọ̀. Oúnjẹ àtúnṣe yìí ni Lọ́ńdọ̀nù àti New York mọ̀ sí oúnjẹ Ṣáínà, orúkọ yẹn sì ni àwa náà gbọ́. Orúkọ ló dé ọ̀dọ̀ wa láti ọ̀nà jíjìn. Àwa ló se ohun tó wà nínú abọ́.

Ní Guangdong fúnra rẹ̀, ìrẹsì dídín kì í ṣe olórí oúnjẹ. Níbi àsè, ó máa ń dé nígbà tí gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì ti kọjá, kí ẹni tí kò bá tíì yó lè fi dí i. Ìrẹsì ojoojúmọ́ wọn funfun ni, kò ní iyọ̀, kò ní òróró. Àlejò tó bá bù ú sẹ́nu ní òun nìkan á sọ pé kò dùn. Ó yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Yorùbá, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi iyọ̀ ro àmàlà, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí fùfú pé kò ní ata. Ọbẹ̀ ló ń gbé adùn wá. Ẹja, ẹ̀fọ́ àti ẹran tí wọ́n gbé sáàárín tábìlì, tí gbogbo ilé ń fi igi méjì mú níkọ̀ọ̀kan, ni ọbẹ̀ ìrẹsì yẹn.

Ẹja ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni òfin wọn ti hàn gbangba. Ní ilé oúnjẹ tó mọyì ara rẹ̀ ní Guangzhou, inú omi ni ẹja wà, ó ń lúwẹ̀ẹ́. Oníbàárà á tọ́ka sí èyí tó wù ú, wọn á gbé e wá kó rí i pé ó ṣì ń mí. Wọn á pa á, wọn á ṣan án, wọn á tẹ́ ẹ sórí àwo pẹ̀lú jíńjà àti àlùbọ́sà eléwé lábẹ́ rẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ ti máa hó dáadáa kí wọ́n tó gbé àwo náà sórí ooru rẹ̀, wọn á sì dé e. Ẹja tó ju ìdajì kílò lọ díẹ̀ kò ní lò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ. Wọn á da omi tó ti sun jáde lára rẹ̀ nù, torí inú omi yẹn ni òórùn rẹ̀ wà. Wọn á wá gé jíńjà àti àlùbọ́sà eléwé tútù tín-ín-rín bí òwú sórí rẹ̀, wọn á da òróró tó gbóná janjan lé e kó dún ṣáà, lẹ́yìn náà sóyà sọ́ọ̀sì díẹ̀ létí àwo. Ó tán. Ẹran ara ẹja yẹn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jáwọ́ lára egungun ni. Bó bá fi ìṣẹ́jú méjì pọ̀ jù, alásè ti bà á jẹ́, gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì á sì mọ̀.

Kò sí ata, kò sí Maggi, kò sí tòmátò. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹja fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ jẹ. Àwọn apẹja Àwórì àti Ẹ̀gùn tó ń dẹ omi ní Ọ̀jọ́ àti lápá Badagry mọ̀ pé ọ̀bọ̀kún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú àwọ̀n ní adùn tí èyí tó sùn lọ́jà kò ní. Òfin tí ará Guangdong fi adùn yẹn ṣe ni pé ohun tó bá jẹ́ tútù, ohun díẹ̀ ni kí a fi kàn án. Èyí tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ ni kí a máa wá èròjà bò. Nítorí náà, nígbà tí oníṣòwò wa bá rí ẹja tí kò ní ata, tó rò pé alásè kò mọṣẹ́, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni ẹ̀rí pé ẹja náà kò lábààwọ́n. Kò sí èròjà tí alásè lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Adìẹ tí wọ́n ń bú, òfin kan náà ló tẹ̀ lé. Wọn á ti odidi adìẹ bọ omi gbígbóná, wọn á gbé e jáde, wọn á tún tì í bọ̀ ọ́ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, kí omi gbígbóná lè wọnú ikùn rẹ̀. Wọn á wá jẹ́ kó jókòó sínú omi tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó, títí ẹran rẹ̀ á fi jinná. Láti ibẹ̀, inú omi yìnyín ló ń lọ tààrà. Awọ rẹ̀ á sún kì, ọ̀rá tó wà láàárín awọ àti ẹran á dì bíi jẹ́lì. Wọn á gé e tegungun-tegungun, wọn á gbé jíńjà àti àlùbọ́sà eléwé tí wọ́n gún pẹ̀lú iyọ̀ àti òróró gbígbóná tì í. Ohun tó pọ́n nínú egungun rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú ẹran, torí wọ́n ti dúńbú adìẹ náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti dà. Mùdùnmúdùn egungun ni, tí kì í yí àwọ̀ padà kíákíá nínú adìẹ tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Lóòótọ́, ẹran adìẹ gbọ́dọ̀ jinná, alásè tó bá gé iṣẹ́ náà kúrú lè fi inú rírun ta oníbàárà lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ẹran tó jinná lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun tó pọ́n ni ohun tí wọ́n ń lé, kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé ìkòkò.

Adìẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é, adìẹ Qingyuan ló sì lórúkọ jù ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹ fi adìẹ oníyìnyín dán an wò, irú èyí tí ìjọba wa ti fi òfin dè tó ṣì ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, tó ń kọjá níwájú ilé wa lójú ọ̀nà Badagry: kò ní ṣeé jẹ. Irú adìẹ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe láìsí kọ́rì, táìmù àti òróró gbígbóná. Mo rò pé ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ọ̀nà tiwa láti se adìẹ lónìí, adìẹ tí a rí rà ló kọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ ata ló ku, òun ló sì mú èrò wa dojú rú jù. Ata kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ní Ṣáínà, ìwé òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Gao Lian ni, ọdún 1591, ní Hangzhou, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Zhejiang tó wà létí òkun. Ẹ kíyè sí i: Gao Lian kà á mọ́ òdòdó ni, ohun tí à ń wò tó rẹwà. Àwọn ará etíkun gbà á lálejò, wọn kò fi ṣe oúnjẹ púpọ̀. Nígbà tó wọnú ilẹ̀ lọ ló rí ilé gbé. Ní Guizhou, tó jìnnà sí òkun tí iyọ̀ sì wọ́n, àkọsílẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní 1722 sọ pé àwọn ará ibẹ̀ ń fi ata rọ́pò iyọ̀. Láti agbègbè yẹn ni ìfẹ́ ata ti gbilẹ̀ dé Hunan àti Sichuan, níbi tí wọ́n ń jẹ ata lónìí títí tí òógùn á fi bo ojú ẹni tó bá wá láti Ìjẹ̀bú pàápàá.

Ará Guangdong ní tirẹ̀, iyọ̀ wà níwájú ilé rẹ̀, ẹja tútù ń wọlé lójoojúmọ́, kò sí ohun tó ń lé e sọ́dọ̀ ata. Ó tún ní èrò ìlera tirẹ̀: ilẹ̀ wọn gbóná, ó sì lọ́rinrin, wọ́n gbà pé ata àti ohun dídín ń dá ooru sínú ara, tí ẹnu á fi máa yún, tí ọ̀fun á fi máa dunni. Tìtorí èyí ni wọ́n ṣe ń mu omi ewé kíkorò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Wanglaoji, tó lórúkọ jù nínú irú rẹ̀, ti wà ní Guangzhou láti 1828. Tìtorí èyí náà ni ọbẹ̀ omi tí wọ́n ń se lórí iná jẹ́jẹ́ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta fi ń ṣíwájú oúnjẹ nílé wọn.

Ẹ wá wo ojú irin tí CCECC, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan, ń ṣe láti Mile 2 bọ̀ wá sí Okokomaiko, èyí tí ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀, láti Marina sí Mile 2, ti ń gbé èrò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Beijing ni olú ilé-iṣẹ́ náà wà, ibi púpọ̀ ní Ṣáínà sì ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè ti wá. Bí ọmọ Okokomaiko bá rí ọ̀kan nínú wọn tó ń da ata gbígbẹ sórí oúnjẹ, ó lè jẹ́ ará Sichuan. Láti Chengdu, olú ìlú Sichuan, dé Guangzhou, ọ̀nà náà jìn ju Èkó sí Kano lọ. Ẹni tó sọ pé Ṣáínà kì í jẹ ata àti ẹni tó sọ pé wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ ẹ̀pà, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ajínómótò ńkọ́, èyí tí àwọn kan gbà pé òun ni àṣírí oúnjẹ Ṣáínà? Ará Japan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda ló yọ ọ́ lára koríko òkun ní Tokyo ní 1908, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn Ṣáínà rà á bí àwa náà ṣe rà á. Èyí tó jẹ́ ti Guangdong lóòótọ́ ni sọ́ọ̀sì òísítà, ẹran inú ìkarahun òkun tí wọ́n sè títí ó fi ki tó sì dúdú. Lee Kum Sheung ló ṣe é ní Nanshui, ní agbègbè Zhuhai, ní 1888.

Inú Guangdong gan-an kò tún dọ́gba. Ohun tí mo ti ń ṣàlàyé bọ̀, ti Guangzhou àti àyíká Odò Pearl ni. Àwọn Hakka, tó pọ̀ lórí òkè ní apá Meizhou, fẹ́ràn iyọ̀ àti ọ̀rá: wọ́n ń di adìẹ sínú bébà, wọn á sì rì í mọ́ inú iyọ̀ gbígbóná títí yóò fi jinná. Ní ìlà-oòrùn, ní Chaozhou àti Shantou, tí ọ̀pọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé tó kún ọjà wa ti ń wá, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ fún oṣù púpọ̀ ni wọ́n ń rí omi sọ́ọ̀sì wọn nínú rẹ̀. Níbẹ̀, oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní àwo kékeré tirẹ̀ tí wọ́n gbé sọ́tọ̀ fún un: omi ẹja iyọ̀ fún òísítà tí wọ́n fi ẹyin àti ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún dín, fínígà pẹ̀lú ááyù fún pẹ́pẹ́yẹ ńlá tí wọ́n se sínú omi èròjà, omi ọsàn dídùn tó ki bí oyin fún edé dídín. Àlejò tó bá ti edé bọ omi ẹja, ẹni tó gbé oúnjẹ wá á yí àwo náà padà fún un láìsọ̀rọ̀.